Ẹ Bi Màmá Arìnrìnàjò: Ẹ Dé Trinidad Kí Ìlù Tó Gbóná

Lẹ́tà tó dé lóṣù yìí kún àpò, ṣùgbọ́n èyí tí akápò ẹgbẹ́ kan kọ láti Ìjẹ̀bú-Òde ló kọ́kọ́ pa mí lẹ́rìn-ín, òun náà ni mo sì fún láàyè jù. Kí àwọn tó kù má bínú.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa obìnrin mẹ́jọ tí a jọ wà nínú regbẹ́rẹ́gbẹ́ kan náà ti ń dá èésú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Àdéhùn wa ni pé bí a bá ti pé ọgọ́ta ọdún, a ó jọ lọ wo ọdún ní erékùṣù kan tí òtútù kò sí. Ọmọ ọ̀kan nínú wa wá fi fídíò Kánífà Trinidad hàn wá lórí fóònù, látọjọ́ náà ni ìpàdé wa ò ti lọ geere mọ́. Àwọn mẹ́ta ní ìhòòhò gbáà ni. Àwọn méjì ní àfi káwọn náà ra aṣọ oníyẹ̀ẹ́ yẹn wọ̀. Èmi tí owó wà lọ́wọ́ mi ni gbogbo wọn ń wò lójú. Ṣé ọdún náà tó ohun tí à ń torí ẹ̀ wọ bàálù? Ọjọ́ wo ló yẹ ká dé, kí sì ni ká wò?
Akápò ẹgbẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde"

Akápò, ẹ kú ìtọ́jú owó. Ó tó ohun tí à ń wọ bàálù lọ wò, àmọ́ bí ẹ bá ṣe é bí mo ṣe ṣe é nígbà àkọ́kọ́, owó èésú yín á kàn ṣòfò ni.

Àbúrò mi obìnrin ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Port of Spain, olú ìlú wọn, fún ọdún mọ́kànlá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ kí i. Nígbà àkọ́kọ́, ìyẹn ọdún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, alẹ́ ọjọ́ Ajé Kánífà gan-an ni mo dé. Mo ti sanwó ìjókòó fún ẹnì kan tó ní òun ń ṣètò ìrìnàjò. Ó ní abẹ́ òrùlé ni, ó ní iwájú pátápátá ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀yìn òpó kan ni mo bá ara mi ní pápá Queen's Park Savannah, oòrùn ń pa mí látàrí, gèlè mi ti di ohun tí mo fi ń nu òógùn. Ẹgbẹ́ kan á kọjá, a ó wá jókòó bíi wákàtí kan gbáko kí òmíràn tó yọ. Ohun tí mo rí kò ju ìyẹ́ àti ẹ̀yìn àwọn tó dìde dúró níwájú mi lọ. Mo padà délé, mo sọ fún àbúrò mi pé, "Ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyí?"

Kò kọ́kọ́ fèsì. Ó bu omi fún mi, mo mu ún tán, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó wọ mọ́tò láti Èkó wá sí Ojúde Ọba, tó jókòó sábẹ́ kánópì láago mọ́kànlá, tó jẹ ìrẹsì, tó padà láago mẹ́rin, ṣé ẹ ó ní onítọ̀hún rí Ojúde Ọba?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kẹta Iléyá tí gbogbo ayé ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n, ìparí ẹ̀ nìyẹn. Àwa tí a wà nílé la mọ ìjà tó ti wáyé lóṣù mẹ́fà ṣáájú lórí àwọ̀ aṣọ, àwa la mọ télọ̀ tó pa fóònù, àwa la sì ń rí àwọn ọmọ ilé Balógun tí wọ́n ń da ẹṣin kiri ní ìrọ̀lẹ́ kí ariwo ìbọn lè mọ́ ọn lára. Bí àlejò bá bi mí ìgbà tó yẹ kó dé Ìjẹ̀bú-Òde, mo máa ń ní kó dé lọ́sẹ̀ kan ṣáájú. Trinidad gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ dé lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ẹ sì lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìlù.

Panyard ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Àgbàlá gbalasa ni, wọ́n fi páànù bo apá kan, wọ́n to ìlù irin sórí àtẹ tó ní táyà lẹ́sẹ̀. Nínú àwọn ẹgbẹ́ onílù náà, All Stars wà ní Duke Street, Renegades wà ní Charlotte Street, Desperadoes ni ẹgbẹ́ àwọn ará òkè Laventille. Ẹnikẹ́ni kì í gba owó ìwọlé lọ́wọ́ yín. Ẹ ra mínírà, ẹ wá ibi kan jókòó sí, ẹ dákẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo jókòó ti bàbá kan níbẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù epo ni wọ́n fi ń ṣe ìlù yìí, èyí tó ń gba gálọ́ọ̀nù 55. Wọ́n á fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú títí á fi jìn bí agbada, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yípo ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan máa wà, wọ́n á yan án lórí iná. Iṣẹ́ ti bàbá yìí ló kẹ́yìn gbogbo ẹ̀. Òòlù kékeré kan ló dì mú. Á kan ìlù náà lẹ́ẹ̀kan, á dẹtí, á da ojú rẹ̀ dé, á kan án láti abẹ́, á tún dẹtí. Mo kà á: ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún ló ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ohùn kan ṣoṣo tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Mo bi í pé báwo ló ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Á dákẹ́ ìjà."

Lálẹ́, àwọn onílù á dé. Ẹgbẹ́ ńlá kan lè ní onílù tó ju 100 lọ: akẹ́kọ̀ọ́, awakọ̀, nọ́ọ̀sì (àbúrò mi ní ọ̀gá òun níbi iṣẹ́ wà lára wọn), ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó dúró ti bàbá àgbà. Àwọn tó ń ka ìwé orin kò pọ̀. Etí ni wọ́n fi ń gbà á: ẹni tó to orin náà á lu gbólóhùn kan, àwọn á lù ú tẹ̀ lé e, bóyá ogún ìgbà, ká tó bọ́ sórí èyí tó kàn. Odindi orin náà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ, ìdíje tí wọ́n ń múra rẹ̀ sílẹ̀ ni Panorama, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1963. Nígbà tí gbogbo wọn wá lù ú pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin fún ìgbà àkọ́kọ́, mo rí i tí omi inú ike ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Obìnrin tó jókòó tì mí, tí n ò mọ̀ rí, dì mí lọ́wọ́ mú. Ìyẹn ni mo lọ wò, kì í ṣe ìyẹ́.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ irin. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín torí pé ẹ ò ní gbádùn ẹ̀ bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n. Àwọn Faransé olóko tó ya lọ síbẹ̀ láti 1783 ló mú Kánífà dé, wọ́n á wọ aṣọ olówó ńlá láti ilé dé ilé. Àwọn ẹrú ń wò wọ́n láti ẹ̀yìnkùlé. Bí oko ìrèké bá gbiná lóru, ìwo àti pàṣán ni wọ́n fi ń lé àwọn ẹrú náà jáde lọ kojú iná. Nígbà tí wọ́n wá gba òmìnira pátápátá lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹjọ 1838, àwọn náà gba ìgboro, wọ́n gbé ògùṣọ̀, wọ́n lu ìlù, wọ́n ń ṣe àwòkọ́ alẹ́ iná ìrèké yẹn láti fi ṣe olóko yẹ̀yẹ́. Canboulay ni wọ́n sọ ọ́. Ní 1881, ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Captain Baker ní òun á pa iná yẹn. Ọ̀rọ̀ di igi àti òkò, wọ́n lu ara wọn bolẹ̀ nígboro Port of Spain. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, 1884, ìjọba ṣòfin tó gba ìlù lọ́wọ́ wọn.

Ẹ gba ìlù lọ́wọ́ ọmọ Káàárọ̀-o-ò-jíire, kí lẹ rò pé ó máa ṣe? Wọ́n gé ọparun, gígùn, kúkúrú, wọ́n ń fi í gún ilẹ̀, ó ń fọhùn. Nígbà tó di bíi 1930 sókè, àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lu agolo bisikíìtì, ìdérí garawa ìdọ̀tí àti irin ara mọ́tò. Láti ibẹ̀ ló dórí dúrọ́ọ̀mù epo, torí ilẹ̀ wọn ń mú epo rọ̀bì jáde. Ní 1951 wọ́n kó ẹgbẹ́ kan lọ sí London láti lọ lù ú fún òyìnbó, wọ́n pe ẹgbẹ́ náà ní TASPO. Àwọn àdúgbò tí wọ́n ti ń lé ọmọ wọn kúrò lẹ́nu ọ̀nà torí ìlù yìí, ó ti di ohun àmúyangàn orílẹ̀-èdè wọn lónìí. Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Kánífà, kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n máa ń ṣe eré ìjà 1881 yẹn lójú títì ní àdúgbò Piccadilly. Ẹ jí lọ. Ẹ mú súwẹ́tà fẹ́lẹ́ dání, atẹ́gùn òwúrọ̀ máa ń fẹ́.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ ìhòòhò. Òótọ́ ni, aṣọ oníyẹ̀ẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò bo ohun púpọ̀. Àmọ́ ẹ wo ètò rẹ̀ dáadáa, aṣọ ẹbí ni! Ẹgbẹ́ kan á mú àkòrí, á pín ara rẹ̀ sí abala, abala kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, ẹ ó sanwó, oúnjẹ àti ohun mímu wà nínú ẹ̀. Owó náà máa ń tó ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún dọ́là Amẹ́ríkà, tí ẹ bá wá bọ́ ọ tán, kò sí ibi tí ẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ má rà á. Fún àwọn méjì tó ń fẹ́ wọ nǹkan, mo ní ìmọ̀ràn: Dame Lorraine. Ó wà lára eégún àtijọ́ wọn. Gáùn tó bo ara láti ọrùn dé ilẹ̀ ni, wọ́n á fi ìrọ̀rí kún àyà àti ìdí rẹ̀ títí á fi ga bí òkè, wọ́n á mú abẹ̀bẹ̀ dání, wọ́n á máa yan bí ìyàwó olóko. Obìnrin ọlọ́gọ́ta ọdún mẹ́jọ tó bá wọ ìyẹn jáde, ẹ ó gba ìgboro.

Eégún àtijọ́ wọ̀nyí ni kí ẹ máa wá kiri. Ẹ̀rù Midnight Robber bà mí gan-an. Ó yọ sí mi ní kọ̀rọ̀ kan, fìlà rẹ̀ fẹ̀ bí agbòjò, aṣọ ìlékè dúdú gùn ún dé ẹsẹ̀, ó fọn fèrè, ó dínà mọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n bí òun ni òṣùpá wọ̀ọ̀kùn, òun fi eyín yọ àrá lẹ́nu òkè, bàbá òun ló ń jẹ ọba mẹ́ta láàárọ̀. Ẹ̀nu rẹ̀ kò dúró títí mo fi fún un lówó. Èmi tí mo dàgbà sáàárín àwọn tó ń sun ìjálá, mo mọ ẹni tó kọ́ṣẹ́ nígbà tí mo bá rí i. Mo tún fún un lówó lẹ́ẹ̀kejì.

J'ouvert náà wà: aago mẹ́rin òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, nínú òkùnkùn, gbogbo ènìyàn á jáde, wọ́n á fi ẹrẹ̀ àti ọ̀dà kun ara, wọ́n á máa jó lọ títí oòrùn á fi là. Àbúrò mi ní kí n wọ àkísà. Agídí ò jẹ́ kí n gbọ́, mo wọ bùbá àdìrẹ kan tí mo rà ní Abẹ́òkúta. Ọmọbìnrin kan tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ ẹrẹ̀ kàn wá gbá mi mọ́ra, ó ní, "Granny, happy Carnival!" Àdìrẹ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Àwòrán ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, aró àti ẹrẹ̀, ọṣẹ ò ràn án.

Ọjọ́: Kánífà máa ń bọ́ sí ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Ọjọ́rú Eléérú tí àwọn Àgùdà fi ń bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Bí Ọdún Àjíǹde bá ṣe sún ló ń sún. Ní 2027, ọjọ́ 8 àti 9 oṣù Kejì ni. Ẹ dé ní ìparí oṣù Kìíní. Ẹ má padà lọ́jọ́rú, torí ọjọ́ yẹn ni gbogbo ìlú ń lọ fi omi òkun tu ara wọn lára ní Maracas, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja ekurá díndín sínú búrẹ́dì tí wọ́n dín lẹ́pọ. Ẹni tó mú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà dání nílò físà, ẹ sì tètè bẹ̀rẹ̀. Bàálù kò lọ tààrà láti Èkó, nítorí náà ẹ wádìí bóyá orílẹ̀-èdè tí ẹ máa gbà kọjá náà ń béèrè físà lọ́wọ́ ẹni tó kàn ń kọjá. Ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ojúlówó, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́ bíríìjì. Aago wọn fi wákàtí márùn-ún wà lẹ́yìn tiwa, ẹ má pe ọkọ yín láago mẹ́jọ alẹ́ tiwọn kí ẹ wá ní kò gbé fóònù.

Nígbà tí ẹ bá débẹ̀, tí wọ́n bá bi yín bí ẹ ṣe rí owó yẹn kó jọ, ẹ sọ pé èésú ni. Wọn ò ní ní kí ẹ túmọ̀ ẹ̀. Àwọn náà ń dá a, sou-sou ni wọ́n ń pè é.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màmá. Mo gbọ́ pé wọ́n ṣì ń sọ Yorùbá ní Trinidad, pé wọ́n tiẹ̀ ń rìn lórí agéré níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni, àbí àwọn orí ẹ̀rọ ayélujára ló ń purọ́? Ó wù mí kí n fi ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi.
Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, Àgọ́-Ìwòyè"

Ọmọ mi, ìdajì òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó ń fi Yorùbá ra ata lọ́jà níbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú, ọkọ̀ ogun wọn ń gba àwọn ènìyàn wa sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n ń kó wọn lọ Sàró àti St. Helena, láti 1841 títí di nǹkan bí 1867 wọ́n sì tún ń kó lára wọn lọ ṣiṣẹ́ ní Trinidad. Yarraba ni wọ́n ń pè wọ́n. Èdè náà ti kú lẹ́nu òòjọ́, ó kù sínú orin òrìṣà àti lórí oúnjẹ. Àkàrà wọn ń jẹ́ accra, àmọ́ ìyẹ̀fun àti ẹja oníyọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹ má jẹ́ kí ìyá yín ní Òkè-Ajé gbọ́.

Mo bá àbúrò mi lọ síbi ọdún òrìṣà kan lálẹ́. Ọjọ́ gbọọrọ ni wọ́n fi ń ṣe é, lóru mọ́jú, òrìṣà kan tẹ̀ lé òmíràn: Ògún, Ṣàngó, Ọ̀ṣun, Ọ̀sanyìn, Ṣọ̀pọ̀ná tí wọ́n ń pè ní Shakpana. Ìyá àgbà kan tó wé gèlè pupa ló ń dá orin. Mo gbọ́ "Ògún", mo gbọ́ "wá", ohun tó wà láàárín wọn ti yọ̀ bí owó ẹyọ tí ọwọ́ ti fà lọ fà bọ̀. Nígbà tó gbọ́ pé Nàìjíríà ni mo ti wá, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kọ ìlà kan fún mi jẹ́ẹ́jẹ́, ó ní òun ti ń kọ ọ́ fún àádọ́ta ọdún, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Mo ní kó tún un kọ. Ó tún un kọ. N ò mọ̀ ọ́n. Mo rò pé ojú á tì í, àbí ojú á ti èmi. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Never mind, darling. He know." Ó padà sídìí ìlù. Bí ẹ bá fẹ́ kọ iṣẹ́ yẹn, ọmọ mi, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Agéré ńkọ́? Moko jumbie ni wọ́n ń pè é, òótọ́ sì ni. Ní Cocorite, nítòsí Port of Spain, ọmọ kéékèèké ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Mo rí ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ tó jókòó sórí ògiri, tó ń so igi mọ́ ẹsẹ̀, tó ń jẹ súìtì, tó wá dìde tó ga ju òrùlé lọ. Èmi tí wọ́n bí sí Ìjẹ̀bú, tí a máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ra bí Agẹmọ bá ń kọjá, mo dúró, mo ń wò ó. Bí ẹ bá máa lọ ṣèwádìí, ẹ lọ lóṣù Kẹjọ. Ọjọ́ kìíní oṣù náà ni ìsinmi òmìnira wọn láti 1985. Àǹkárá, agbádá àti gèlè ni gbogbo wọn máa ń wọ̀ yíde ìlú, orúkọ abúlé tí wọ́n máa ń pa sí Savannah lọ́jọ́ náà sì ni Lidj Yasu Omowale. Ẹ ka orúkọ ìkẹyìn yẹn dáadáa.

"Màmá, àlàáfíà fún yín. Èmi kò níṣẹ́ kankan níbi Kánífà. Ṣé nǹkan kan wà níbẹ̀ fún Mùsùlùmí?
Alhaji, Ìpẹ̀rù-Rẹ́mọ"

Ó wà, Alhaji, àmọ́ kì í ṣe bí ẹ ṣe rò. Hosay ni orúkọ rẹ̀, inú oṣù Mùhárámù ló ń bọ́ sí, ní St. James àti ní Cedros. Àwọn ará Íńdíà tí wọ́n kó wá ṣiṣẹ́ oko láti 1845 ló mú un dé, ìrántí ikú Hussein ọmọ ọmọ Ànábì ni, ti àwọn Ṣíà, nítorí náà àwọn kan lára Mùsùlùmí ibẹ̀ gan-an kì í dá sí i. Wọ́n á fi ọparun àti bébà aláràbarà kọ́ ohun tó dà bí mọ́sáláṣí kékeré, tadjah, ó ga ju ilé lọ, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n á fi kọ́ ọ pẹ̀lú ààwẹ̀, wọ́n á gbé e yíde lóru, lẹ́yìn náà wọ́n á lọ gbé e sínú òkun. Ìlù tassa wọn máa ń jí òkú: wọ́n á ṣáná sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n á yá awọ rẹ̀ kó le, wọ́n á lù ú, á rọ̀, wọ́n á tún lọ yá a. Ní 1884 kan náà tí mo mẹ́nu bà lókè, ọlọ́pàá yìnbọn lu àwọn tó gbé tadjah jáde ní San Fernando, ọ̀pọ̀ kú. Tí ẹ bá lọ, ẹ wọ aṣọ jẹ́jẹ́, ẹ má mu nǹkan kan lójú títì. Ariwo wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òkú ni wọ́n ń sin.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́ mi ní ewúrẹ́ ń sáré ìje ní Tobago bí ẹṣin, pé ènìyàn ń gùn ún. Mo ní irọ́ ni. A ti ta tẹ́tẹ́ ₦20,000.
Oníbàárà yín, Ìkẹ́nnẹ́"

Ẹ pín in sí méjì. Ewúrẹ́ ń sáré lóòótọ́, ní abúlé Buccoo, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé Ọdún Àjíǹde. Láti 1925 ni wọ́n ti ń ṣe eré yìí ní Tobago, ìyẹn erékùṣù tó jọ jẹ́ orílẹ̀-èdè kan náà pẹ̀lú Trinidad. Kò sẹ́ni tó ń gùn ún. Ọkùnrin tó ni iṣẹ́ náà á wọ ṣòkòtò funfun, á di okùn ewúrẹ́ mú, á máa sá tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lú pàṣán kékeré, bí ọwọ́ rẹ̀ bá sì yọ lára okùn, ó ti fìdí rẹmi nìyẹn. Mo wo ọ̀kan tí ewúrẹ́ rẹ̀ sáré dé ìdajì, tó rí ewéko tútù, tó dúró, tó ń jẹ. Ọkùnrin náà dúró tì í, ó káwọ́ mọ́dìí. Wọ́n tún ń fi akàn sáré. Èyí tẹ́ ẹ kò ta tẹ́tẹ́ lé lórí nìyẹn.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ fi ń lé wa lọ sílẹ̀ òkèèrè? Ojúde Ọba ò ha tó wa?
Ọmọ bíbí Ṣàgámù"

Ta ló lé yín? Ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ìbátan kan nínú àwọn ilé tó ń gun ẹṣin, ẹ bá mi tọrọ àyè níbẹ̀ lọ́sẹ̀ kan ṣáájú Iléyá. N kò fẹ́ ìjókòó lábẹ́ kánópì. Mo fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wẹ ẹṣin, n ó mú àpótí ìjókòó tèmi wá.